Onílù gángan kan lẹ́nu ibùdókọ̀ ojú irin Marina

Ọmọ Àyàn ni, láti ìdílé onílù ní agbègbè Ọ̀yọ́. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bá àwọn onílù ọ̀dọ́ tó wá jẹun l'Ékòó jókòó, ká jọ yẹ iṣẹ́ wọn wò: ibi tí wọ́n ti ń lù, ohun tí wọ́n ń lù, àti ìdí tí owó fi ń wọlé tàbí tí kò fi wọlé. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti bá jókòó, tirẹ̀ ló là mí lóye jù lórí ọ̀rọ̀ lílu ìlù fún èrò ọkọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìlù, àti fún ẹ̀yin olórin tí ẹ ń wo ẹnu ibùdókọ̀ pé bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí kó tó débẹ̀

Òde àríyá ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ olórin fújì kan máa ń pè é. Bí wọn ò bá pè é, á gbé gángan há abíyá, á wọ inú àríyá tó bá ti rí, á máa ki àwọn tó wọ aṣọ tó dáa. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, ìlù á so kọ́ sára ògiri nínú yàrá tó háyà ní Òrílé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ onílù ọ̀dọ́ ṣe ń gbé l'Ékòó nìyẹn. Owó ọjọ́ méjì ni wọ́n ń fi jẹun ọjọ́ méje.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13, pẹ̀lú ibùdó 5: Mile 2, Súrù-Àlàbá, Òrílé, Theatre ní Ìgánmú, àti Marina ní Erékùṣù. Òrílé tí ọmọkùnrin yìí ń gbé wà lójú ọ̀nà gan-an. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Marina lọ́jọ́ kan, ó rí bí èrò ṣe ń wọ́ látòkè bọ̀ sílẹ̀, ó sì wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí ọjà."

Mo bi í bóyá ó ti rí ẹnikẹ́ni tó ń lù níbẹ̀. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n òun ti wo fídíò àwọn tó ń fọn fèrè, tí wọ́n ń ta gìtá nínú ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní New York àti London, owó sì ń jábọ́ sínú àpótí wọn. Mo sọ fún un pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fídíò kò ṣàlàyé ètò tó wà nídìí rẹ̀. Ní New York, láti ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ní ètò fún olórin; wọ́n ń dán wọn wò kí wọ́n tó pín àyè àti àkókò fún wọn. Ẹni tí kò sí nínú ètò náà lè ṣeré o, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ amóhùngbóró, èyí tó ń mú ohùn ròkè, dé etí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. London bẹ̀rẹ̀ sí fún olórin ní ìwé àṣẹ lọ́dún 2003, wọ́n sì fa àmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó fi ibi tí olórin máa dúró sí hàn. Paris ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1997. Yàtọ̀ sí ìyẹn, abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tiwọn ń gbà, ògiri àti òrùlé ń bá olórin gbé ohùn. Ní tiwa, láti Ìgánmú dé Marina, orí afárá ló ń gbà. Ó sì ń gba orí omi kọjá kó tó dé Marina. Ohùn tó bá jáde níbẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà ló ń gbé e lọ.

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ lọ. Mo ní kó máa lọ, kó sì máa wá ròyìn fún mi.

Inú ibùdó ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó fi káàdì Cowry rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, wọlé bí èrò, ó gòkè, ó yọ ìlù lápò. Kò tíì fi kọ̀ǹgọ́ kàn án dáadáa tí ẹ̀ṣọ́ fi dé, tó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà kò bú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe: irin tó gbé iná mànàmáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin níbẹ̀, ẹni tó bá sì mú kí èrò kóra jọ sí etí rẹ̀, ewu ló ń pè. Mi ò gba ọmọ náà láyè láti bá a jiyàn.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn

Ó wá lọ dúró nísàlẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn ti já sílẹ̀, lábẹ́ kọǹkéré. Ọ̀pọ̀ nǹkan bàjẹ́ níbẹ̀, ó sì yẹ kí n fara balẹ̀ sọ wọ́n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílù ń pa ara wọn sí.

Mo lọ wò ó ní àárọ̀ kan. Obìnrin kan ń sọ̀ bọ̀, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, bàtà ọ́fíìsì nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kan, fóònù àti báàgì lọ́wọ́ kejì. Ọmọkùnrin yìí bọ́ síwájú rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn bí a ṣe ń fẹ̀yìn rìn níwájú ọlọ́jọ́ ìbí, gángan sì ń pariwo "ìyá oge, ìyá oge, bojú wẹ̀yìn." Obìnrin náà yà sọ́tùn-ún, ó bá a yà. Ó yà sósì, ó tún bá a yà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tì í. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá. Mo ti pẹ́." Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Mo sì rí àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kí wọ́n má baà kan ọmọ yìí.

Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ dára púpọ̀ lóde àríyá. Ẹni tó wà lóde wá kí wọ́n lè rí i. Ó ti gé aṣọ, ó ti wé gèlè, ó ti ṣẹ́ owó sọ́wọ́. Bí onílù bá kì í, iyì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní Ìta-Fájì tàbí tó fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Victoria Island kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun láàárọ̀ yẹn. Àti pé ará Èkó mọ onílù gángan láti òkèèrè. Gbogbo wa la ti rí èyí tó dì mọ́ èèyàn ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán tàbí nínú gòsíló ọkọ̀, tí kò ní lọ àfi tó bá gbowó. Àwọn èrò ti sá fún un kí wọ́n tó gbọ́ bó ṣe mọ ìlù lù tó. Ó mọ̀ ọ́n lù púpọ̀. Ìyẹn ló dùn mí.

Ọ̀rọ̀ owó fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n lẹ owó mọ́ òun níwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lé e lórí níbi òde lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. Òfin náà ti wà tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí rẹ̀ lọ́dún 2024. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣe é, pàápàá níta gbangba tí kámẹ́rà fóònù pọ̀ sí.

Mo ní kó gbé igbá sílẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì sórí páálí fún àwọn tó fẹ́ ṣe tíránsífà. Igbá ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Páálí kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo dúró wò ó ni mo rí ìdí rẹ̀: kò sẹ́ni tó máa yọ fóònù síta ní CMS, àdúgbò tí ibùdókọ̀ Marina yìí wà, kó máa tẹ nọ́ńbà nígbà tó ń rìn. Àwọn ọmọ tó ń já fóònù gbà kò jìnnà. Àwọn tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn gan-an, wọ́n dì í mú gírígírí.

Kọǹkéré tó wà lókè orí rẹ̀ sì ń bá a jà. Onílù tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn dídùn lásán lè dúró lábẹ́ afárá, ohùn á kún. Ṣùgbọ́n ìlù tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ gbangba. Kọǹkéré ń dá ohùn padà. Èyí tó ti lọ ń bọ̀ wá bá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ á wá lọ́ mọ́ra wọn. Mo dúró ní ìwọ̀n ìdajì ojú ọ̀nà sí i, èmi tí mo ti ń lu ìlù láti kékeré, mi ò lè sọ ohun tó ń wí.

Kàkà kó kúrò níbẹ̀, ó lọ ra ẹ̀rọ amóhùngbóró kékeré, ó ń fi fóònù gbé ìlù fújì jáde lórí rẹ̀, òun náà á máa lu gángan lé e. Mo takò ó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ amóhùngbóró wọ orin jùjú, gìtá àti ohùn olórin ló sì wá gbè, torí àwọn ni ìlù máa ń bò mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ohùn wọn ti ròkè ni gángan wá ráyè wọlé láì borí wọn. Gángan fúnra rẹ̀ kò bẹ ẹ̀rọ rí. A ṣe é kí ohùn rẹ̀ lè rìn jìnnà. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ sábẹ́ gángan ti sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́. Ó sì rí i bẹ́ẹ̀: àwọn èèyàn ń mi orí sí fújì inú ẹ̀rọ, wọ́n ń kọjá lọ.

Ìyá ẹlẹ́pà

Kì í ṣe èmi ni mo yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì nítòsí àtẹ̀gùn náà, ó ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pè é. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo àwọn tí ò ń lé kiri yìí, oníbàárà mi ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti rí ẹ, wọ́n á gba òdìkejì. Ṣé o ò rí àwọn tó dúró lójú kan lọ́hùn-ún ni? Lọ lù ú fún wọn."

Àwọn tó ń tọ́ka sí ni ìlà èrò bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, èrò ń dà sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń tú ká. Nírọ̀lẹ́, àwọn tó ń lọ sílé ń pọ̀ sí i, àwọn tí ọkọ̀ ojú irin kò dé àdúgbò wọn á tò sórí ìlà, wọ́n á sì dúró pẹ́. Ìlà á gùn, á yí po. Kò sẹ́ni tó lè kúrò, torí ẹni tó bá kúrò ti pàdánù àyè rẹ̀.

Èmi àti ọmọ yìí ti ń kọjá níwájú ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. A ò kà á sí, torí ojú wa wà lára ọkọ̀ ojú irin tó jẹ́ tuntun. Ìyá tó ń tajà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ ibi tí èèyàn ti ń dúró, torí ibẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń tà. Bí mo bá fẹ́ gbé onílù lọ síbi tuntun báyìí, àwọn aláte ni mo máa ń kọ́kọ́ bi.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ níbi ìlà kò dáa. Kọ̀ǹgọ́ ló gbé, ó sì lù ú bí ẹni tó wà lórí pápá. Ọkùnrin kan tó ń gba ìpè yí padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, mò ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀." Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ẹni tó ń rìn lè rìn kúrò níbi ariwo. Ẹni tó wà lórí ìlà kò lè lọ ibì kankan, nítorí náà onílù jẹ ẹ́ ní gbèsè ìfẹ̀sọ̀ṣe. Ó fi kọ̀ǹgọ́ sápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka lu awọ, apá òsì ń fún ọsán ìlù díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà rọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ bí ogún èèyàn tó wà nítòsí, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá lu ìwọ̀nba, á rìn lọ síwájú sọ́dọ̀ àwọn tó kàn. Ibi ìlà náà sì wà ní gbangba, kò sí kọǹkéré lókè. Ọ̀rọ̀ inú ìlù wá ń yé èèyàn.

"Kí ni ìlù wí?"

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nígbà náà; láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ojoojúmọ́ ni èrò ń ráhùn. Ó kàn fi gángan wí ohun tí wọ́n ń wí: "Owó ọkọ̀ ti wọ́n."

Bàbá kan lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbọ́ ẹ." Ọmọdékùnrin tó wà níwájú rẹ̀ bi í pé, kí ló wí? Kí Bàbá náà tó dáhùn, obìnrin kan ti sọ tirẹ̀: "Ajá ọgbà mi kú." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó dáadáa, obìnrin náà kò ṣìnà: ohùn àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín, òkè ni méjèèjì. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ló ní. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló máa fi ọ̀rọ̀ kún un. Àwọn àgbà tó gbọ́ rédíò Ìbàdàn láyé ọjọ́un ṣì rántí gángan tí wọ́n fi ń ṣí ètò, tí àwọn ará ìlú fún ní ọ̀rọ̀ tiwọn, pé "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Bí etí Yorùbá ṣe máa ń ṣeré nìyẹn, a kàn ti gbàgbé pé a lè bá èrò ṣe é.

Ọmọ yìí kò gbàgbé mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ sórí páálí pé "Kí ni ìlù wí?" Á lu ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, á dúró, á jẹ́ kí àwọn tó wà lórí ìlà máa sọ tiwọn. Tí ẹnìkan bá gbà á, á fi ìlù kí onítọ̀hún kúkúrú, á kọjá sí òmíràn. Kò ki ẹnikẹ́ni lóríkì mọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní olówó. Igbá wà nílẹ̀. Kò gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí jù ú síbẹ̀. Níbi ìlà sì rèé, wọ́n ń yọ fóònù jáde, torí èrò yí wọn ká, wọ́n sì fẹ̀yìn ti irin. Tíránsífà tó kọ̀ láti wọlé nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn wá ń wọlé.

Ó bi mí nípa àwọn tí kì í ṣe Yorùbá, torí Èkó ni. Mo sọ pé kó má yí nǹkan kan padà. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ń bi ẹni tó wà nítòsí wọn, ẹni yẹn á ṣàlàyé, àlàyé á di ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìgbò kan tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ kíyè sí irú ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Òwe gígùn kò ṣiṣẹ́. Wọn ò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú. Òwe tí gbogbo èèyàn mọ̀ máa ń yá jù, eré kì í sí nínú rẹ̀. Ohun tó dára ni gbólóhùn kúkúrú nípa ohun tó wà lójú wọn: bọ́ọ̀sì kò dé, òjò ń bọ̀, ebi ń pa mí, ọ̀gá kò tíì sanwó. Ó ní láti máa ṣẹ̀dá tuntun lójoojúmọ́. Iṣẹ́ onílù gidi ni èyí, torí láyé àtijọ́ náà, bí onílù ààfin bá rí ẹni tó ń wọlé, ó ní láti sọ ohun tó rí fún ọba kí onítọ̀hún tó dé iwájú.

Àwọn ọmọ tó ń gba owó ilẹ̀ dé, wọ́n gbà, wọ́n lọ. Kò tó ohun tí a ń jà lé. Ìyá ẹlẹ́pà bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì dín in kù.

Ìgbà tí wọ́n gba ìlù

Bí èrò ṣe ń gbádùn rẹ̀, àwọn tí kò sí lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí dúró. Ìdajì ìta kún. Àwọn kan dúró lójú títì kí wọ́n lè ya fídíò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn tó ń lé aláte kúrò lójú ọ̀nà dé, wọ́n gba gángan rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Òjò rọ̀ sí i lóru. Nígbà tí èmi àti àgbà onílù méjì lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ti dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti ya. Ọmọ náà gbé e mọ́ àyà, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Òrílé.

Ó dùn wá, àmọ́ mi ò lè sọ pé wọn ò rí ẹ̀sùn. Ọ̀nà ló dí. Àmì tí wọ́n fà sílẹ̀ fún olórin London ń sọ fún olórin pé ibi báyìí ni kó dúró sí, ó sì tún ń sọ fún èrò pé ibi báyìí ni kí wọ́n gbà kọjá. Ọmọ tiwa kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, nítorí náà òun ló máa fa tirẹ̀. Ó ra ẹní kékeré kan, ó ń tẹ́ ẹ sẹ́yìn ìlà, kúrò lójú títì, kì í kúrò lórí rẹ̀ àfi tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Tí ẹnikẹ́ni bá dúró lójú ọ̀nà, á dá ìlù dúró, á fi ọwọ́ hàn án pé kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tí bọ́ọ̀sì bá dé, á dákẹ́ pátápátá kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ibi tó ń lọ. Ìdákẹ́ yẹn wà lára ohun tí awakọ̀ àti àwọn tó ń tò èrò fẹ́ràn rẹ̀ fún. Àwọn gan-an ló ń bá a gbèjà nígbà míì.

Ìdílé rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Àbúrò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé pé Àyàn kì í lu ìlù fún ẹni tí kò mọ̀, pé onílù tó gbé igbá kalẹ̀ ti di alágbe. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò yí èrò rẹ̀ padà, títí di àkókò tí mò ń kọ èyí. Mo bọ̀wọ̀ fún un, torí àwọn irú wọn ni wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí kú. Ṣùgbọ́n ó bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan tó wúlò: "Ṣé o máa ń júbà kó o tó bẹ̀rẹ̀?" Kì í júbà. Ó ti gbà pé ìta ni, kò pọn dandan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí júbà láti ọjọ́ náà, kúkúrú, fún Àyàn àti fún àwọn tó kọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun ń fara balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo tún kíyè sí ni pé àwọn tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ ìbà náà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n mọ̀ pé ó ti dé, wọ́n á yọ́wọ́ nínú fóònù.

Ohun tí mò ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Atẹ́gùn ọ̀sà ń ba awọ jẹ́. Ní Marina, nírọ̀lẹ́, awọ máa ń gba omi lára afẹ́fẹ́, ó ń dẹ̀, ohùn òkè kì í yọ mọ́ bó ti wù kéèyàn fún ọsán tó. Ẹni tó fẹ́ lù níbẹ̀ ní láti ní gángan méjì, kó máa lu ọ̀kan, kí èkejì wà nínú àpò tó gbẹ. Ti ọmọ yìí wà lábẹ́ tábìlì ìyá ẹlẹ́pà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò bọ̀ọ̀lì, níbi tí ooru ti ń fẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná jù, awọ á gbó.

Apá òsì náà ń sanwó. Lóde àríyá, onílù máa ń lù, á sinmi, á jẹun, ẹlòmíì á gbà á. Níbi ìlà, òun nìkan ni. Éjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún débi pé kò lè gbé ọwọ́ sókè láàárọ̀. Eré "Kí ni ìlù wí?" ló gbà á, torí àkókò tí àwọn èèyàn ń ronú jẹ́ ìsinmi fún un. Ẹni tó bá ń lù láìdánudúró ní ẹnu ibùdókọ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́, sinmi. Mo ti rí onílù tí apá rẹ̀ kò padà sípò mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìlù jáde, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láì gbé nǹkan kan dání, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó wo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dúró, ibi tí wọ́n ti ń yọ fóònù jáde, àti ibi tí ariwo kò ti pọ̀. Kó ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà níbẹ̀, kó bá a sọ̀rọ̀. Kó mọ orúkọ àwọn tó ń tò èrò. Kó tó di pé ó ki ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá onítọ̀hún ní àyè láti gbọ́.

Ọkọ̀ ojú irin kejì l'Ékòó, Red Line, ti ń gbé èrò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Àgbádò dé Òyìngbò, ó ń gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá. Àwọn onílù ọ̀dọ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n lè lọ síbẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé ibùdó kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Òṣòdì ní ariwo tí gángan kan ṣoṣo kò lè dá borí, ti Yábàá á rọrùn fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣeré. Ẹgbẹ́ onílù tó bá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ láti tọrọ àyè, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé àwọn ò ní lo ẹ̀rọ amóhùngbóró, pé àwọn ò ní wọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa lù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì ya àwòrán ibi tí ẹní máa wà mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwọ̀n àyè tó ṣẹ́ kù fún èrò láti kọjá.